Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Mu Epo: Ẹ Kà Á, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ti kọjá, a ti kọ́ bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀. A sì ti kọ́ bí a ṣe ń pín nọ́ńbà kan sí ọ̀nà púpọ̀. Lónìí a ó lo méjèèjì pọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún àgbẹ̀, ó wà fún awakọ̀, ó wà fún ìyá tí ó ń háyà ọkọ̀ láti kó gàrí lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹjọ́ kan ní Sẹ́kọ́nà

Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní ẹ̀bá Sẹ́kọ́nà, níbi tí ọ̀nà Ẹdẹ sí Ilé-Ifẹ̀ gbà kọjá. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n sì háyà katakata kan láti tú ilẹ̀ oko wọn. Àdéhùn wọn ni pé ẹgbẹ́ ni yóò máa ra epo dísẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ yóò sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìparí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni awakọ̀ náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní oko àkọ́kọ́, katakata tú éékà 6. Epo tí ó mu jẹ́ lítà 42. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Ní oko kejì, ó tú éékà 5 péré. Ṣùgbọ́n epo tí ó mu jẹ́ lítà 55!

Ariwo bá ta. Wọ́n ní, "Oko kékeré mu epo ju oko ńlá lọ kẹ̀? Irú kí nìyẹn?" Akápò ẹgbẹ́ ṣe ìṣirò. Lítà 42 fún éékà 6, ìyẹn ni lítà 7 fún éékà kan. Nítorí náà, éékà 5 kò yẹ kí ó ju lítà 35 lọ. Wọ́n yọ 35 kúrò nínú 55, ó ku 20. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ti ta lítà 20 epo wa."

Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, n kò jí epo o. Ilẹ̀ yẹn ló le."

Méjì nínú àwọn àgbẹ̀ náà wà ní kíláàsì wa. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ibi ẹ̀kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ rí i nígbà tí ó ń ta epo?" Wọ́n ní rárá. Mo ní, "Ǹjẹ́ ẹ mọ iye epo tí éékà kan ń gbà ní oko kejì yẹn?" Wọ́n ní rárá. Mo ní, "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìṣirò akápò dára. Ṣùgbọ́n ó rò pé ilẹ̀ méjèèjì rí bákan náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mu epo ná, kí a tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè."

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà àti ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

2. Ohun tí a fi ń wọn epo

Láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gálọ̀nù ni a fi ń wọn epo ọkọ̀, máìlì ni a sì fi ń wọn ọ̀nà. Gálọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì kan tó lítà 4 àti ààbọ̀. Máìlì kan ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ díẹ̀. Gbogbo wa sì mọ garawa. Garawa kan gba gálọ̀nù 4, èyí tí ó jẹ́ lítà 18. Lítà àti kìlómítà ni a ń lò ní Nàìjíríà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ti àtijọ́, nítorí òun ni a ó bá nínú ìtàn.

Fún ọkọ̀ tí ó ń rin ọ̀nà, ìbéèrè kan ni a ń bi í: gálọ̀nù kan gbé ọ ní máìlì mélòó? Tàbí ká sọ pé: lítà kan gbé ọ ní kìlómítà mélòó?

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ ológun kan. Ní 1941, nígbà ogun Hitler, ilé iṣẹ́ Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n pè ní QL. Ẹrù tọ́ọ̀nù 3 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì lè yí, kí ó má bàa rì sínú ẹrẹ̀. Táǹkì rẹ̀ gba gálọ̀nù 28 epo bẹntiróò. Bí táǹkì náà bá kún, ọkọ̀ náà lè rin nǹkan bí máìlì 230 kí epo tó tán.

Ẹ pín 230 sí ọ̀nà 28. Ohun tí a rí ni 8 àti díẹ̀. Nítorí náà, gálọ̀nù kan gbé Bedford QL ní nǹkan bí máìlì 8.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ GMC tiwọn, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Táǹkì rẹ̀ gba gálọ̀nù 40 ti Amẹ́ríkà, tí ó kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè rin nǹkan bí máìlì 300. Ẹ pín 300 sí ọ̀nà 40. Ẹ ó rí 7 àti ààbọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé orí ọ̀nà tí ó dára ni èyí o. Nínú yanrìn tàbí nínú ẹrẹ̀, iye máìlì náà á wálẹ̀.

3. Àwọn ọmọ Nàìjíríà lójú ogun ní 1941

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé àwọn ọmọ wa jagun ní Bọ́mà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ sí Bọ́mà, wọ́n ti jagun ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn Ítálì ni wọ́n bá jà ní Sòmálíà àti ní Etiópíà. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà tí ó lọ ni a ń pè ní Bírígéèdì 23. Láti ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni wọ́n ti wọ Sòmálíà.

Ọkọ̀ ni wọ́n gùn. Nínú oṣù Kejì 1941, wọ́n sáré tẹ̀ lé etíkun ní máìlì 235 láàrin ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì gba Mogadishu, olú-ìlú Sòmálíà, ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Epo ni! Àwọn Ítálì sá, wọn kò sì rí àyè láti sun epo tí wọ́n kó pamọ́. Ó ju 400,000 gálọ̀nù lọ. Fún ológun tí ó ti jìnnà sílé, irú epo bẹ́ẹ̀ ju wúrà lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, àwọn ọmọ Nàìjíríà tún gbéra. Wọ́n gba ọ̀nà tí àwọn Ítálì là, wọ́n ń lépa wọn lọ sí Etiópíà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, wọ́n dé ìlú Jijiga. Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 744. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi rìn ín. Ẹ ronú sí i: ọ̀nà náà ju ọ̀nà Èkó sí Kánò lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà àárín òkè tí a ń pè ní Marda. Ní ọjọ́ 26, wọ́n wọ ìlú Harar. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ-ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì wọ Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà.

Nínú ìtàn ogun, ìbọn ni a sábà máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí epo bá tán lójú ọ̀nà, ìbọn kò lè rìn. Ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí ó ti ka epo náà kí ọkọ̀ tó gbéra.

4. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò akọ̀wé ológun

N kò sọ pé Bedford QL ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gùn lọ sí Jijiga o. Ṣùgbọ́n a mọ iye epo tí ó ń mu, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ká sọ pé ọkọ̀ kan fẹ́ gbé epo tẹ̀ lé àwọn ọmọ-ogun. Ó kó garawa 200. Garawa kan jẹ́ gálọ̀nù 4. Nítorí náà, ẹrù rẹ̀ jẹ́ gálọ̀nù 800. Ọ̀nà jẹ́ máìlì 744. Gálọ̀nù kan ń gbé e ní máìlì 8.

Àlọ: ẹ pín 744 sí ọ̀nà 8. Ó jẹ́ gálọ̀nù 93.
Àbọ̀: gálọ̀nù 93 mìíràn.
Àlọ àti àbọ̀: gálọ̀nù 186.

Ẹ yọ 186 kúrò nínú 800. Ó ku 614. Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ tí ó gbé epo náà ń mu epo. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò mu nínú ẹrù ara rẹ̀ tó. Bí ọ̀nà bá gùn jù, ọkọ̀ á mu ẹrù rẹ̀ tán, kò sì ní sí nǹkan kan láti fi lélẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé ní 1944 nìyẹn. Àwọn ọmọ-ogun wọn sáré síwájú, epo sì wà lẹ́yìn ní etí òkun. Wọ́n bá kó nǹkan bí 6,000 ọkọ̀ akẹ́rù jọ. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, àwọn ọkọ̀ náà ń rìn tọ̀sán tòru. Nínú awakọ̀ mẹ́rin, ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni nǹkan bí mẹ́ta. Epo tí àwọn ọkọ̀ náà fúnra wọn ń mu lójúmọ́ tó nǹkan bí 300,000 gálọ̀nù. Ẹ wo iye epo tí a sun láti gbé epo!

5. Garawa tí ó ń jò

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń jẹ epo. Garawa ni. Nígbà ogun náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé epo bẹntiróò wọn nínú garawa tín-ín-rín tí ó gba gálọ̀nù 4. Páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ọkọ̀ bá fò lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ojú ibi tí a jó pọ̀ á là, epo á sì máa jò sílẹ̀. Ní aṣálẹ̀ ìhà àríwá Áfíríkà, ọ̀gá ológun wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdánù epo náà tó nǹkan bí 30 nínú 100 kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gálọ̀nù 800 wa. Bí 30 nínú 100 bá jò dànù, gálọ̀nù 240 ti lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 614. Ó ku 374. Ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú 800, kò sì tó ìdajì tí ó dé ọwọ́ ológun! Kò sí olè níbẹ̀ o. Ọ̀nà mu tirẹ̀, garawa mu tirẹ̀.

Àwọn Jámánì ti rí ọ̀ràn yìí ṣáájú. Láti 1937 ni wọ́n ti ní agolo irin tiwọn, tí ó gba lítà 20. Irin rẹ̀ nípọn, ìdérí rẹ̀ sì ń dé pinpin. Ìdìmú mẹ́ta ni ó ní lórí, kí ènìyàn méjì lè jọ gbé e, tàbí kí ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan gbé òfìfo méjì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà rí i, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Agolo náà kò tíì kúrò láyé títí di òní. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń ra epo nílé epo jẹ́ bí àbúrò fún un.

6. Kí ló dé tí ọkọ̀ fi ń mu epo jù?

Ẹ́ńjìnnì kì í mu epo lásán. Ó ń sun epo láti ṣe iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, epo á pọ̀. Ẹ wo ara wa: ẹni tí ó ń ru iṣu gun òkè máa jẹun ju ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi lọ. Àwọn ohun tí ó ń mú kí ọkọ̀ mu epo jù nìyí:

Ẹrù. Ọkọ̀ tí ó gbé tọ́ọ̀nù 3 kò lè mu epo bí òfìfo.

Ilẹ̀. Nínú yanrìn àti ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí láì lọ síwájú. Epo ń lọ, ọkọ̀ kò lọ.

Jíà kékeré. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì ń yí púpọ̀, ọ̀nà tí ó ń rìn sì kéré.

Táyà. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní afẹ́fẹ́ tó ń wọ́ nílẹ̀. Èyí ń fa epo.

Ìdúró pẹ̀lú iná. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, máìlì rẹ̀ jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n epo ń lọ.

Àìsàn ẹ́ńjìnnì. Bí ohun tí ó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ bá dí, èéfín dúdú á máa jáde. Epo tí kò jóná tán ni èéfín dúdú yẹn. Owó yín ló ń fò lọ sójú ọ̀run.

7. Ti katakata yàtọ̀

Katakata kì í ṣe ọkọ̀ ìrìn-àjò. Ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ó má kúrò nínú oko kan. Nítorí náà, a kì í bi í ní iye máìlì. A ń bi í pé: lítà mélòó fún wákàtí kan? Lítà mélòó fún éékà kan?

Ní 1917, Henry Ford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta katakata tí wọ́n pè ní Fordson. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Oúnjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ìjọba wọn ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn láti fi dáko. Kẹrosíìnì ni Fordson náà ń lò, nítorí ó rọjú ju bẹntiróò lọ. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì kò lè jí ẹ́ńjìnnì tútù. Bẹntiróò díẹ̀ ni wọ́n fi ń jí i. Bí ó bá gbóná tán, wọ́n á yí i sí kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gba iṣẹ́ oko, nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀.

Nígbà náà, olúkúlùkù tí ó ń ṣe katakata ló ń yin tirẹ̀. "Tiwa lágbára jù! Tiwa kì í mu epo!" Àgbẹ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilmot Crozier. Ó ra katakata. Katakata náà kò ṣe ohun tí wọ́n sọ. Ó dùn ún gan-an. Àwọn ará ìlú dìbò fún un wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1919, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta irú katakata tuntun kan ní Nebraska àfi bí a bá ti dán an wò.

Ní 1920, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní ìlú Lincoln ṣe ìdánwò. Katakata tí ó kọ́kọ́ yege ni Waterloo Boy. Wọ́n wọn agbára rẹ̀, wọ́n sì wọn epo tí ó mu. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá lè kàwé lè kà á. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ kò ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ń tajà gbọ́. Ìwé ti wà.

Ẹ wò ó, àgbẹ̀ bíi tiyín ni Crozier. Kò fi ẹ̀tàn náà ṣe ẹjọ́ ẹnu lásán. Ó ní kí a wọ̀n ọ́n, kí a kọ ọ́.

8. A padà sí oko

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko pẹ̀lú okùn, ìwé àti agolo tí a mọ iye lítà rẹ̀. Akápò bá wa lọ. Awakọ̀ náà gbé katakata wá. Ẹgbẹ́ ṣì ní ilẹ̀ díẹ̀ tí a kò tíì tú ní ẹ̀bá oko méjèèjì. A fi okùn wọn éékà kan ní ibi kọ̀ọ̀kan.

Ní ẹ̀bá oko àkọ́kọ́, a rọ epo kún táǹkì dé ọrùn. Katakata tú éékà kan. A tún rọ epo kún un dé ọrùn. Ohun tí ó gbà jẹ́ lítà 7. Akápò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo sọ fún yín."

A lọ sí ẹ̀bá oko kejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀, ó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, gbòǹgbò igi sì pọ̀ nínú rẹ̀. A tún rọ epo kún táǹkì. Katakata wọlé. Gbogbo wa rí i bí ohun ìtúlẹ̀ ṣe ń fà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké. Nígbà tí a fẹ́ hú kùkùté kan, a ní kí awakọ̀ pa iná. Ó pa á. Nígbà tí éékà kan pé, a rọ epo sí i. Ohun tí ó gbà jẹ́ lítà 10.

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá kan nínú kíláàsì wa mú gègé, ó sì kọ ọ́ báyìí:

Oko kìíní: éékà 1, lítà 7.
Oko kejì: éékà 1, lítà 10.
Éékà 5 ní oko kejì: lítà 50.
Ohun tí ó mu tẹ́lẹ̀: lítà 55.
Ó ku: lítà 5.

Mo bi awakọ̀ pé, "Ọmọ mi, níbo ni lítà 5 yìí wà?" Ó ronú. Ó ní, "Bàbá, ní ọjọ́ yẹn, wọ́n ń hú kùkùté níwájú mi, wọ́n sì jẹun. N kò pa iná." Àwọn tí ó hú kùkùté náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Iná kò kú rárá ní gbogbo àsìkò yẹn."

Lítà 15 ni ilẹ̀ mu. Lítà 5 lọ nígbà tí katakata dúró pẹ̀lú iná. Lítà 20 tí a ń wá nìyẹn. Kò sí olè.

Akápò jẹ́ àgbàlagbà. Ó dìde, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Mo ka nọ́ńbà, n kò ka ilẹ̀." Wọ́n san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé ní ọjọ́ náà. Awakọ̀ náà sì ṣèlérí pé òun yóò máa pa iná bí òun bá dúró pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i. Ká ní lítà 7 ni oko kejì gbà lọ́jọ́ náà, à bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ìwé kì í ṣe ojúsàájú. Ó lè gba ẹni tí kò ṣẹ̀ là, ó sì lè mú ẹni tí ó ṣẹ̀.

9. Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Kí ó máa wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ ṣe báyìí:

Èkíní: Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ rọ epo kún táǹkì dé ojú àmì kan.
Èkejì: Ẹ kọ nọ́ńbà tí aago ọkọ̀ fi hàn sílẹ̀. Bí aago bá ti bàjẹ́, ẹ rin ọ̀nà tí ẹ mọ iye kìlómítà rẹ̀.
Ẹ̀kẹta: Ẹ ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ kọ irú ẹrù àti irú ọ̀nà sílẹ̀.
Ẹ̀kẹrin: Ẹ padà sí ilẹ̀ títẹ́jú náà. Ẹ rọ epo dé ojú àmì ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ iye lítà tí ó gbà.
Ẹ̀karùn-ún: Ẹ fi lítà pín kìlómítà. Bí ó bá jẹ́ katakata, ẹ fi éékà pín lítà.

Ẹ má ṣe dájọ́ lórí ìgbà kan ṣoṣo. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ọkọ̀ tí ó ń rin kìlómítà 5 pẹ̀lú lítà kan bá wá di kìlómítà 4 lójú ọ̀nà kan náà, tí ẹrù rẹ̀ kò sì yàtọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nǹkan ń ṣe é.

Epo kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò mọ́. Ní 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, owó lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà, ó sì kọjá 480 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye lítà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu ló lè mọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ èrò, tí kò ní rẹ́ni jẹ, tí kò sì ní jẹ gbèsè.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀

Akápò: ẹni tí ó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́.
Àdánù: ohun tí ó ṣòfò, tí a kò rí lò.
Katakata: ẹ̀rọ tí a fi ń tú ilẹ̀ oko.
Òfìfo: ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.
Ojúsàájú: kí a ṣe ìdájọ́ nítorí ẹni tí a fẹ́ràn.

Ìbéèrè

1. Kí ni àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà bá ní Mogadishu ní 1941? Kí ló dé tí ó fi ṣe pàtàkì?
2. Ọkọ̀ kan rin kìlómítà 150. Epo tí ó mu jẹ́ lítà 30. Kìlómítà mélòó ni lítà kan gbé e?
3. Katakata kan tú éékà 8. Epo tí ó mu jẹ́ lítà 72. Lítà mélòó ni fún éékà kan?
4. Garawa 10 jẹ́ gálọ̀nù mélòó? Ó jẹ́ lítà mélòó?
5. Ìṣirò akápò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà. Kí ló fà á?
6. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun kan nílé tàbí lóko yín tí ẹ kò tíì máa wọ̀n, tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n láti òní lọ.